Ṣé sẹ́lótéèpù lè kó eruku kúrò lójú sẹ́ńsọ̀ àti lára nẹ́gátíìfù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ni mo ti ń ya fọ́tò. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni àmì dúdú kéékèèké ti ń hàn lójú sánmà nínú gbogbo fọ́tò tí mo bá yà níta. Ẹnì kan ní kí n lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ sẹ́ńsọ̀, kí n sì ṣí i. Ẹlòmíì ní kí n da Top Bond, gọ́ọ̀mù káfíńtà, sí i, kó gbẹ, kí n wá bó o. Mo tún ní àwọn nẹ́gátíìfù tí bàbá mi yà ní nǹkan bí ọdún 40 sẹ́yìn. Eruku ti bò wọ́n, mo sì fẹ́ sikáànù wọn. Ṣé gọ́ọ̀mù yìí lè ṣiṣẹ́ fún méjèèjì?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù kan sẹ́ńsọ̀ yín, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, ẹ má sì jẹ́ kí Top Bond dé ẹnu kámẹ́rà yín rárá. Ní ti nẹ́gátíìfù bàbá yín, ìhà kan wà lára rẹ̀ tí ohun tó ń lẹ̀ díẹ̀ lè kàn. Ìhà kejì kò gbà á. Ohun tó ń lẹ̀ wúlò púpọ̀ fún kíkó eruku, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ kó mọ́ ni àyè rẹ̀ wà, kì í ṣe orí ibẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ní àsìkò ọyẹ́ báyìí, ìmọ̀ràn oríṣiríṣi ló ń lọ káàkiri, kámẹ́rà tó sì ń bàjẹ́ nítorí wọn kò kéré.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé eruku ni. Ẹ fi kámẹ́rà sí ISO 100, ẹ gbé aperture (ihò lẹ́ǹsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) dé f/16 tàbí f/22, ẹ pa autofocus (ohun tó ń mú kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ mú àwòrán mọ́ kedere), kí ẹ sì yí lẹ́ǹsì títí àwòrán kò fi ní mọ́ kedere mọ́. Ẹ wá ya ògiri funfun tàbí bébà funfun kan. Ẹ máa sún kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yà á lọ́wọ́. Èyí kò ní ba àyẹ̀wò jẹ́, torí ohun tó wà níwájú kámẹ́rà á parẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n eruku tó jókòó sórí sẹ́ńsọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ẹ pààrọ̀ lẹ́ǹsì, kí ẹ tún un yà. Bí àmì náà bá ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ti sẹ́ńsọ̀ ni.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé fọ́tò ìyàwó tí ẹ yà nínú gbọ̀ngàn mọ́ tónítóní, àmọ́ bí ẹ bá dúró ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án gangan tí ẹ ya Cocoa House, àmì á kún ojú sánmà. Eruku kan náà ni. Kì í ṣe orí ibi tí àwòrán ti ń wọlé gan-an ló wà. Orí gíláàsì tó bò ó ló jókòó sí, ó sì fi ìwọ̀nba àyè díẹ̀ jìnnà sí i. Ká ní àyè náà jẹ́ mílímítà 1. Ní f/2.8, tí ihò lẹ́ǹsì ṣí gbàgadà bó ṣe máa ń rí nínú gbọ̀ngàn, etí òjìji eruku náà á fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 0.36, á wá ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò ní rí i. Ní f/22, tí ihò náà kéré bíi ti ìgbà tí oòrùn mú, kò ní fẹ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 0.045 lọ, òjìji náà á sì mú rokoso. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ojú fèrèsé ńlá wọlé, òjìji ọwọ́ yín lára ògiri á ṣá; bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ni, òjìji náà á mú.

Ní ti ibi tó wà: bí àmì bá wà lókè lápá òsì nínú fọ́tò, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni eruku náà wà nígbà tí ẹ bá ń wo sẹ́ńsọ̀ láti ẹnu kámẹ́rà. Òkè á di ìsàlẹ̀, òsì kò yí padà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù. Gíláàsì tí mo ní ó wà lórí sẹ́ńsọ̀ yẹn, wọ́n fi awọ kan tó fẹ́lẹ́ ju ohun tí ojú lè rí lọ bò ó, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa tàn padà. Orí awọ yìí ni wọ́n ní kí ẹ lẹ téèpù mọ́. Àtè ni sẹ́lótéèpù. Bí ẹyẹ bá bà lé àtè, ìyẹ́ ẹyẹ á kù lára àtè, àtè náà á sì kù lára ẹyẹ. Bó ṣe rí nìyẹn: téèpù lè ká awọ gíláàsì yẹn, bí kò bá sì ká a, á fi gọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ róòlù sẹ́lótéèpù kan tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí páànù rẹ̀ máa ń gbóná. Dúdú tó yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká yẹn, eruku tó lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù tó ń yọ jáde fúnra rẹ̀ ni. Ooru ìlú wa máa ń sọ gọ́ọ̀mù náà di rírọ̀, èyí tó bá sì ti rọ̀ kì í bá téèpù lọ tán nígbà tí a bá ṣí i.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i láìfi kámẹ́rà dánwò. Ẹ fọ ife gíláàsì kan pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1. Gíláàsì náà á dà bíi pé ó mọ́. Ẹ wá mí èémí gbígbóná sí i, bí ẹni tó fẹ́ nu awò ojú. Ẹ ó rí ojú ibi tí téèpù náà wà, onígun mẹ́rin, ketekete. Ohun tó ṣẹ́kù nìyẹn. Lójú sẹ́ńsọ̀, á di ibi tí eruku tuntun á máa lẹ̀ sí, blower (rọ́bà tí a ń tẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn) ò sì ní lè gbé e kúrò mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, téèpù tí a ṣí máa ń fi agbára iná mànàmáná sílẹ̀, irú èyí tó ń mú kí òòyà ike fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra. Nínú ọyẹ́ tí atẹ́gùn ti gbẹ, agbára yìí kì í tètè lọ. Bí ẹ ṣe ń yọ eruku kan ni ẹ ń pe mẹ́wàá wá.

Àwọn kan á ní kí a lo Post-it, bébà kékeré alátè tí a ń kọ nǹkan sí, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò le. Lóòótọ́ ni kò le. Spencer Silver ló ṣe gọ́ọ̀mù náà nílé iṣẹ́ 3M lọ́dún 1968; hóró róbótó kéékèèké ni, kì í ṣe awọ kan ṣoṣo tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ tó sì tún ń ṣí. Ṣùgbọ́n hóró yẹn lè ṣẹ́kù. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé wọn nítorí ohun tó ń fi sílẹ̀. Blu-Tack, gọ́ọ̀mù rírọ̀ bí amọ̀ tí a fi ń lẹ bébà mọ́ ògiri, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òróró wà nínú rẹ̀.

Sítíkà aláwọ̀ búlúù kékeré tó máa ń wà nínú páálí screen guard, tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń yọ eruku kí wọ́n tó lẹ gíláàsì, sàn ju sẹ́lótéèpù lọ. Síbẹ̀, gíláàsì fóònù ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí ìka ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ má gbé e sórí sẹ́ńsọ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Màá sọ ibi tó ti wúlò.

Ní ti Top Bond, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Oje kan wà tí wọ́n ń pè ní First Contact, tí àwọn tó ń tọ́jú lẹ́ǹsì àti dígí awò tí a fi ń wo ìràwọ̀ máa ń kùn sí i, tó bá gbẹ wọn á bó o, eruku á bá a lọ. Àwọn tó ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ náà máa ń fi gọ́ọ̀mù káfíńtà funfun ṣe irú rẹ̀. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù gbà á torí gọ́ọ̀mù yẹn kì í di ike rẹ̀ mú. Top Bond kì í ṣe First Contact, sẹ́ńsọ̀ kì í sì í ṣe àwo. Omi ló pọ̀ nínú gọ́ọ̀mù káfíńtà. Á ṣàn dé etí gíláàsì, á wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ó ṣe yọ ọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá dà á sí ìhà tí àwòrán wà lára nẹ́gátíìfù, ẹ ó bó àwòrán náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ lo balùwẹ̀. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ pa fáànù, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí eruku inú atẹ́gùn lè wálẹ̀. Ẹ bọ́ súwẹ́tà. Ibí ni sẹ́lótéèpù ti wúlò: ẹ yí i mọ́ ọwọ́, kí ibi tó ń lẹ̀ kọjú síta, ẹ wá máa fi kó eruku lára ọwọ́ aṣọ yín, lórí tábìlì, nínú báàgì kámẹ́rà (ibẹ̀ ló máa ń pọ̀ sí jù), àti nínú ìdérí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì. Ìdérí yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń da eruku padà sí ẹnu kámẹ́rà lójoojúmọ́.

Kí bátìrì kún dáadáa. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ onídígí (DSLR, tí dígí wà níwájú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀), ẹ wá "Clean manually" nínú menu Canon, tàbí "Lock mirror up for cleaning" nínú ti Nikon. Bí bátìrì bá kú lójijì, dígí náà á bọ́ lu ohun tó bá wà nínú. Bí kò bá ní dígí, ẹ kíyè sí bóyá ṣọ́tà (ìdérí tó ń ṣí tó ń pa nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò) máa ń bo sẹ́ńsọ̀ nígbà tí ẹ bá pa kámẹ́rà. Ṣọ́tà yẹn kò gbọ́dọ̀ rí ọwọ́, kò sì gbọ́dọ̀ rí atẹ́gùn líle.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ gbọn eruku dànù, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ lórí tábìlì bó ṣe máa ń dúró, ní ìgbà 3 tàbí 4. Olympus E-1 ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde lọ́dún 2003: gíláàsì iwájú sẹ́ńsọ̀ á gbọ̀n kíákíá, eruku á já bọ́, ohun kan tó ń lẹ̀ á sì gbà á mú kó má baà fò padà. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ṣe kámẹ́rà náà ń lo ohun tó ń lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi í sórí gíláàsì. Ibi tí eruku ń já bọ́ sí ni wọ́n fi í sí.

Lẹ́yìn èyí ni blower rọ́bà. Ẹ dojú ẹnu kámẹ́rà délẹ̀, ẹ tẹ blower náà ní ìgbà 3 níta kí eruku inú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, kí ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn sí sẹ́ńsọ̀ ní ìgbà 8 sí 10. Ẹ má jẹ́ kí imú blower wọlé kọjá irin ẹnu kámẹ́rà. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Ẹ má gbé e lọ bá fọkanáísà, torí omi àti ọ́ìlì wà nínú atẹ́gùn ẹ̀rọ yẹn, agbára rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ẹ tún àyẹ̀wò f/22 ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibí ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Bí ẹyọ kan tàbí méjì bá kọ̀ tí kò lọ, ọ̀pá kékeré kan wà tí jẹ́ẹ̀lì tó ń lẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Irú rẹ̀ ni O-ICK1 ti Pentax. Òun nìkan ni ohun tó ń lẹ̀ tí mo lè fọwọ́ sí pé kó kan gíláàsì sẹ́ńsọ̀. Tààrà ni ẹ ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, tààrà ni ẹ ó gbé e sókè, ẹ kò gbọ́dọ̀ fà á. Lẹ́yìn ìfọwọ́kàn kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ bébà alátè tó bá a wá, kí eruku kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó padà. Ẹ ka ara páálí dáadáa kí ẹ tó rà á, torí jẹ́ẹ̀lì kan kò bá gbogbo kámẹ́rà mu. Bí sẹ́ńsọ̀ yín bá jẹ́ èyí tó ń léfòó láti gba ìgbọ̀nrìrì ọwọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Kó kàn fara kàn án ti tó.

Ọ́ìlì kò ní bá jẹ́ẹ̀lì lọ. Òun ló máa ń ṣe róbótó tí etí rẹ̀ á mọ́lẹ̀ ju àárín lọ. Swab olómi, ọ̀pá pẹlẹbẹ tí aṣọ rírọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ló ń yọ ìyẹn: ti mílímítà 16 fún APS-C (sẹ́ńsọ̀ tó kéré), ti mílímítà 24 fún full-frame (sẹ́ńsọ̀ tó tóbi). Ẹ̀kán omi ìfọ sẹ́ńsọ̀ 2 ti tó. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan láti òsì sí ọ̀tún, ẹ yí i padà, ẹ fi ìhà kejì fà á padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ jù ú nù. Ẹ má lo swab kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì fi swab kan ibi tí ẹ kò tíì fi blower fẹ́, torí yanrìn quartz wà nínú eruku ọyẹ́, ó le ju gíláàsì lọ, bí ẹ bá fà á kọjá, á há ojú rẹ̀. Sípíríìtì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì kò dára fún un. Àwọ̀ rẹ̀ á kù síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí nẹ́gátíìfù bàbá yín. Ibí yìí ló yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra jù, torí sẹ́ńsọ̀ ṣeé rà, èyí kò ṣeé rà.

Ìhà méjì ló ní. Nígbà tí nọ́ńbà etí fíìmù bá ṣeé kà dáadáa, ìhà tó ń dán, èyí tó jẹ́ ike, ló kọjú sí yín. Ìhà kejì tí kò dán ni àwòrán wà. Gelatin ló gbé àwòrán náà dúró, awọ àti egungun màlúù sì ni wọ́n ti ń sè é jáde; ìbátan pọ̀nmọ́ ni. Bí pọ̀nmọ́ ṣe ń wú nínú omi ni òun náà ń wú, bí téèpù bá sì dì í mú, á ya bí awọ ṣe ń ya. Kò sí ohun tó ń lẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kan ìhà yìí.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú, ẹ di etí fíìmù mú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí fíìmù. Eruku á máa tàn bí iyọ̀. Ẹ lo blower, lẹ́yìn náà búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa gbá a sí, jẹ́jẹ́. Bí ẹyọ kan bá kọ̀ lórí ìhà tó ń dán, ìgbà yìí ni sítíkà búlúù yẹn wúlò. Ẹ gé e kó ní ẹnu ṣóńṣó tí kò ju mílímítà 3 lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tó mọ́ ní ìgbà 5 tàbí 6 kí agbára rẹ̀ dín, ẹ dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù níbi tí kò sí àwòrán, kí ẹ wá fi ẹnu rẹ̀ kan eruku náà nìkan. Bí fíìmù bá pọ̀, fún ìhà tó ń dán yìí, róòlà tó ń lẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù lára ló dára jù. Irú rẹ̀ ni PTR ti Kodak, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí fíìmù sinimá ń lò. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún lò ó.

Ojú ìka lórí ìhà tó ń dán máa ń gbọ́ ti isopropyl alcohol 99% lórí aṣọ tí kì í tú òwú. Ẹ má fi ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná (nail polish remover) kàn án, acetone inú rẹ̀ á yọ́ ike fíìmù náà.

Bí eruku bá ti gbẹ mọ́ ìhà àwòrán, tí nẹ́gátíìfù náà sì jẹ́ dúdú àti funfun, ẹ lè rẹ ẹ́ sínú omi distilled (omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà kúrò nínú rẹ̀) fún ìṣẹ́jú 10. Kí omi náà wà ní nǹkan bí 20 °C. Omi ilé wa sábà máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú abọ́ ńlá tí yìnyín wà. Ẹ ra ojúlówó distilled, torí ásíìdì wà nínú èyí tí àwọn kan ń tà fún bátìrì ọkọ̀. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú Photo-Flo (oje tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kán omi fi àmì sílẹ̀ lára fíìmù) mìlílítà 5 nínú omi lítà 1, ẹ fi kọ́ sínú balùwẹ̀ kan náà tí ẹ ti wọ́n omi sí, ẹ má nù ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun tó ta bí òwú aláǹtakùn lórí rẹ̀, ẹbu ni, irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, ẹ má jẹ́ kó kan omi. Ẹbu máa ń sọ gelatin di ohun tó ń yọ́ nínú omi, àwòrán á bá omi lọ lójú yín. Èyí tó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kí ẹ sì tètè sikáànù rẹ̀. Nẹ́gátíìfù aláwọ̀, èyí tó pọ́n bí ọsàn, ẹ má fọ ọ́ nílé.

Ẹni tó bá ní sikánà tó ní Digital ICE, ètò tó ń yọ eruku kúrò nínú àwòrán, lè fi eruku tó ṣẹ́kù lára nẹ́gátíìfù aláwọ̀ sílẹ̀ fún un. Infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, ló fi ń rí eruku. Kò wúlò fún dúdú àti funfun ayé àtijọ́, torí fàdákà inú rẹ̀ máa ń dí infrared náà lọ́nà, sikánà á wá ka àwòrán sí eruku.

Bí téèpù bá ti kan sẹ́ńsọ̀ kí ẹ tó ka èyí, ẹ má ha á. Swab olómi 3 tàbí 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀kan, lè kó gọ́ọ̀mù náà. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ tí ibì kan sì ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti yòókù, awọ gíláàsì ti ká nìyẹn, iṣẹ́ ẹni tó lè pààrọ̀ gíláàsì náà ni.

Bí bàbá yín bá sì ti fi sẹ́lótéèpù so nẹ́gátíìfù kan tó ya, ẹ wo ìhà tó wà. Tó bá jẹ́ ìhà tó ń dán, ẹ fi isopropyl ẹ̀kán kan sí etí téèpù náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 1, ẹ wá máa ká a padà sẹ́yìn lórí ara rẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ mọ́ fíìmù bí ẹ ṣe ń fà á. Ẹ má fà á sókè. Bí ó bá di mú, ẹ dúró, ẹ tún fi ẹ̀kán kan sí i. Tó bá jẹ́ ìhà tí kò dán ni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sikáànù rẹ̀ pẹ̀lú téèpù lórí rẹ̀.